Ìjókòó Tó Wà Lẹ́yìn Màámi

Abẹ́rẹ́ ni aránṣọ náà há sáàárín ètè nígbà tó ń dá ọkùnrin inú ìbéèrè náà láre.

"Kò jẹ̀bi," ló wí, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí eyín ń dùn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpótí aṣọ, ìwé ìbéèrè wà lórí itan rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Màámi, ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kí n lè gbọ́ ìdájọ́ yín."

Aránṣọ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gún etí aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gé kúrú. Nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ wà nínú aṣọ ọ̀hún, ó dúró gbagidi bí òpó, torí kò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún òun lẹ́sẹ̀.

"Mo ní kò jẹ̀bi. Iná ń jó ilé aládùúgbò rẹ̀, ó fọ́ ilẹ̀kùn wọlé láti lọ gbé arúgbó jáde. Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń jóná, tí á máa kan ilẹ̀kùn pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wọlé?"

"Òótọ́ ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé ẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti fìdí rẹmi," ni ọmọ náà wí. "Wọn ò bi yín bóyá ẹ káàánú ẹ̀. Òfin wo ló rú? Òfin wo ló gbà á láyè? Kí lẹni tó ni ilẹ̀kùn máa rí sọ? Ẹ̀yìn ìyẹn lèèyàn ń dájọ́. Ẹ̀yin a kọ́kọ́ dájọ́ ná, ẹ ó wá máa wá ẹjọ́ kiri."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, kò bínú. Bọ́rọ̀ òun ṣe rí gan-an nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó ọmọ yìí.

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìdánwò ẹ̀kọ́ òfin, èyí tó kẹ́yìn nínú ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìyá àti ọmọ ló fẹ́ jọ ṣe é, nínú gbọ̀ngàn kan náà, lórí ìbéèrè kan náà. Ọmọ ń ṣe tirẹ̀ torí pé àsìkò tó. Ìyá ń ṣe é torí pé àsìkò tirẹ̀ ti fò ó kọjá nígbà kan, ó sì ti pinnu láti sáré lé e bá. Kò tíì ju ọmọge lọ nígbà tí ìyá tó bí i dùbúlẹ̀ àìsàn, tí òun fi kó ìwé òun jọ sórí àjà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn àbúrò. Àwọn àbúrò yẹn ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ báyìí. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn ṣègbéyàwó ni òun náà forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó ti yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ẹyọ kan yìí ló gbé e ṣánlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ akọ̀wé kóòtù ti ní àwọn á gbà á tó bá lè yege nínú rẹ̀ lọ́dún yìí, wọn ò sì ní fàyè náà dè é di ọdún mìíràn.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ò bà á. Ẹni tó bá rí i láàárọ̀ yẹn á rò pé òun ló bá wọn kọ òfin. Adájọ́ làwọn oníbàárà ń pè é, nítorí kò sí aáwọ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó jáde láìgba ìdájọ́: tọkọtaya ni o, onílé àti ayálégbé ni o, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà sí bàtà ni o. Ohun tó pa á lára lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Ó dá gbogbo ẹjọ́ inú ìwé ìdánwò bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, kò sì sọ ìdí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ ti gbà á sọ́wọ́. Bó ṣe ń gé aṣọ ni ìyẹn ń bi í, bó ṣe ń lọ̀ ọ́ ni ìyẹn ń bi í, títí tó fi kù díẹ̀ kó máa fi òfin lálàá.

"Ẹ tún un dá," ni ọmọ náà wí.

Aránṣọ na ẹ̀yìn. "Ó wọ ilé onílé láìgbàṣẹ, ó sì ba ilẹ̀kùn jẹ́. Òfin kọ méjèèjì. Àmọ́ òfin kan náà gbà pé èèyàn lè ṣe ibi kékeré láti fi dènà ibi ńlá, tí kò bá sí ọ̀nà míì, tí kò sì ṣe kọjá bó ṣe yẹ. Onílé lè ní fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ló dé tí kò gba ibẹ̀. Ó yẹ ká wo ìyẹn. Tí fèrèsé bá wà ní títì, ọkùnrin náà ò jẹ̀bi."

Ọmọ náà fi bírò sàmì sí ìwé. "Ẹ ti yege."

"Ṣé ẹ rí i," ni aránṣọ wí fún nọ́ọ̀sì, "ibi tí mo ní a máa dé náà la padà dé."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gba aṣọ rẹ̀ tó lọ, ọmọ náà dìde, ó kó ìwé sínú àpò. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n máa lọ ṣáájú."

"Ṣáájú bíi ti báwo? Ṣebí a jọ ń lọ ni."

"Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn." Okùn àpò rẹ̀ ló ń wò. "Mo ti bẹ olùkọ́ wa pé kí wọ́n bá mi yí ìjókòó mi padà. Ẹ̀yìn yín gan-an ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n ti gbé mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri báyìí."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má gbàgbé awò ojú yín."

Aránṣọ náà padà sídìí ẹ̀rọ, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ń ké, kẹ̀kẹ́ ń yí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i pé kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Òfìfo ló ń rán.

Ojú ló ń ti ọmọ náà. Kí ló tún kù? Ó gbójú sókè wo ara rẹ̀ nínú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ. Ewú ti gba ẹ̀bátí rẹ̀. Tépù tó fi ń wọn aṣọ rọ̀ sọ́rùn rẹ̀. Ó fọkàn yàwòrán ara rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán. Kó tó mọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí ti ń wọlé fúnra wọn, bí èèrà tó gbóòórùn ṣúgà. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tó gbé agbòjò lọ fún un, ṣebí ẹnu géètì ló ti sáré gbà á, kò ní kí òun wọlé wá jókòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí, ṣebí ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "màámi ń bọ̀," kò sọ pé "àwọn náà ń ṣèdánwò pẹ̀lú wa." Òun tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn rán aṣọ! Ó ti mọ ìyà tó máa fi jẹ ẹ́. Á wọ gbọ̀ngàn, kò ní wo apá ògiri. Tí èsì bá dé, tí òun bá yege, ìgbà náà ni wọ́n máa jọ sọ ọ́.

Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ lórí ìdájọ́ náà nígbà tí ohùn ọmọ náà bá a láti inú lọ́hùn-ún, ohùn pẹlẹbẹ tó fi ń bi í léèrè láràárọ̀: kí lẹnì kejì máa rí sọ?

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí ìwé òfin tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ òwe yẹn sínú iṣẹ́ àṣetiléwá, olùkọ́ sì yìn ín. Ó bọ́ tépù lọ́rùn, ó mú awò ojú, ó mú bírò méjì, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ó bá ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lóun nìkan. Ìwé wà ní ṣíṣí lórí orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ìyá rẹ̀ mirí sí i pé kó má dìde, ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn.

"Wọ́n fẹ̀sùn kàn ọ́," ni ìyá wí. "Wọ́n ní ojú ló ń tì ọ́ nítorí mi, lo fi sá kúrò lẹ́yìn mi. Kí n tó dájọ́, kí lo rí sọ?"

Ọmọ náà yíjú sí i. "Ta ló fẹ̀sùn ọ̀hún kàn mí?"

"Adájọ́ náà ni."

"Ìyẹn gan-an ò bófin mu."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ọmọ náà pa ìwé dé. Ó fi èékánná ha ẹ̀yìn ìwé náà, ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. "Lọ́dún tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé yẹn." Ó nawọ́ sí i. "Ẹ ò mọ̀. Mo ń rí ẹ̀yìn yín. Tí ẹ bá ń rán aṣọ tó le, èjìká yín máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó gòkè títí lọ́jọ́ yẹn, ẹ wá gbé bírò sílẹ̀, ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Tí wọ́n bá fi mí sẹ́yìn yín lónìí, èjìká yín ni màá máa kà. Mi ò ní ka ìbéèrè."

Ìyá fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀. Kò mọ̀ rí pé èjìká òun ń gòkè.

"Ó sì ṣòro láti sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ̀rù ò bà yín, Màámi. Èmi lẹ̀rù ń bà. Mi ò fẹ́ kó ràn yín."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń wọ́ àga. Aránṣọ náà tún ọ̀rùn aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é.

"Adájọ́ dá ọ sílẹ̀," ló wí.

"Ẹ sọ ìdí. Ẹ má tún dájọ́ láìsọ ìdí."

"Olùjẹ́jọ́ kúrò lẹ́yìn ìyá ẹ̀ kó lè ráyè kọ ìwé tiẹ̀. Àyè tó tọ́ sí i ló gbà. Kò sì sófin níbì kankan tó ní dandan ni kọ́mọ pọn ìyá ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ ti yege."

Wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ kíláàsì tó tò síbẹ̀ kí i pé ẹ káàsán mà, ọ̀kan nínú wọn sì bi ọmọ náà bóyá òun ló ń kọ́ ìyá rẹ̀ ni àbí ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. "Ẹ ṣáà ṣọ́ra yín," ni ọmọ náà dá wọn lóhùn, "màámi kì í fi ẹnì kankan sílẹ̀ láìdájọ́ ẹ̀." Lẹ́yìn náà, ìyá gba ọ̀tún, ọmọ gba òsì.

Olùṣọ́ ìdánwò ní kí wọ́n ṣí ìwé. Ìbéèrè kìíní dá lórí onílé kan tó pààrọ̀ àgádágodo ilé nígbà tí ayálégbé rìnrìn àjò. Ìdájọ́ ti fò sẹ́nu aránṣọ náà kó tó ka ìlà kejì tán. Ó tì í sẹ́yìn bó ṣe máa ń fi àtàǹpàkò tẹ etí aṣọ tó fẹ́ yí. Ó kọ ohun tí òfin sọ. Ó kọ ohun tí onílé lè rí wí, ó sì kọ ọ́ dáadáa, bí ẹni pé òun ni onílé bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ó kọ ti ayálégbé. Ìgbà náà ló wá jẹ́ kí ìdájọ́ jáde, ó sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mọ ibi tó ń lọ. Ó ṣí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ló tó gbórí sókè láti na ọrùn. Ojú rẹ̀ lọ sí apá ògiri lọ́hùn-ún, ó sì rí orí kan tó tẹ̀ sórí ìwé, tí bírò rẹ̀ kò sinmi. Ó wò ó, ó sì yà á lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti ṣí ìwé, kò tíì rántí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé òun ní ọmọ nínú gbọ̀ngàn náà.

Ó na ọwọ́ sókè, ó béèrè fún ìwé sí i.