Kásẹ́ẹ̀tì Aláìléyín

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà wọlé, àfi bíi pé ìyàwó tuntun ló mú wá. Bàbá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má fi gbá ilẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu tábìlì tẹlifíṣàn, Bàbá tí kì í nu bàtà ara rẹ̀! Ẹ̀rọ ọ̀hún ní ẹnu méjì. Ẹnu fífẹ̀ tó wà lápá òsì, kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ ló ń gbé mì. Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lápá ọ̀tún, dísìkì ni oúnjẹ tirẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń yí lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa wọ inú dísìkì lápá kejì, nínú pálọ̀ yín níbẹ̀, lójú yín kòrókòró.

"Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ilé yìí, kí wọ́n tó bu tán, òní ni a máa kó wọn sínú dísìkì," ni Nọ́ọ̀sì wí. Òun ni àbíkẹ́yìn, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn bíi pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. "Ó yá, ẹ kó wọn wá!"

Inú Bàbá dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Àyà Ìyá ní tirẹ̀ já. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, píìnì mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó retí pé kó sọ̀rọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ píìnì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín, mi ò fẹ́ kí ẹ máa fi orí wá a kiri.

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Bàbá ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ẹsẹ̀ wọnsẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù láti ojú ilé tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó kọjá lórí tọ̀tún-tòsì, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ta fo aṣọ́lé tọ̀hún lórí, ó di inú àwọ̀n. Aṣọ́lé ló gbá a wọlé aṣọ́lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ o! Ayàwòrán ilé iṣẹ́ wọn gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n ṣe, Bàbá ni wọ́n sì fún. Nígbà tó gbé e délé, ó fi orí ọ̀bẹ ká eyín rẹ̀, ìyẹn ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ká a, ẹ̀rọ ò ní í gbà láti gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Bàbá ní ó ti di títí ayé.

Títí ayé náà ò pé oṣù mẹ́ta. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aránṣọ nígbà náà, aṣọ ọmọ ilé ìwé nìkan ló mọ̀ ọ́n rán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni tẹlifíṣàn kéde pé ọ̀gá aránṣọ kan fẹ́ kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là kóòtù, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n máa ṣe é. Ìyá wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo títí, kò rí. Ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ló bá fa èyí tó sún mọ́ ọn jù yọ, ó yí i síwájú, ó rò pé òun ti kọjá ibi bọ́ọ̀lù, ó rí i pé kò léyín, ó fi sẹlotéèpù bo ihò náà. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín eyín àti sẹlotéèpù. Nígbà tó padà wò ó lọ́jọ́ kejì, ibi tó yẹ kí gólì wà, àlùmọ́gàjí àti ṣọ́ọ̀kì ló bá níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ló sọ ọ́ di Màmá Oníkóòtù tí gbogbo àdúgbò mọ̀ dòní. Kọ́là yẹn náà ló rán ọmọ méjèèjì níwèé. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ bá ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi kóòtù bo gólì yín mọ́lẹ̀"? Ó ti kásẹ́ẹ̀tì náà sísàlẹ̀ páálí tó ń kó pátánì aṣọ sí. Nígbà tí wọ́n kó lọ sílé mìíràn, tí Bàbá wá a tí ojú rẹ̀ pọ́n, Ìyá ní bóyá ibi tí wọ́n ti ń kẹ́rù ló bọ́ sí. Bí àwọn ọmọ bá sì bi í bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ gólì náà, á ní, "Omi ni mo lọ mu nígbà yẹn. Ariwo ni mo kàn gbọ́." Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni ò bá gba gólì gbọ́, ẹnikẹ́ni ò ní wá kásẹ́ẹ̀tì kiri.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Wọn ò sì gba Bàbá gbọ́ mọ́ lóòótọ́. Nínú ilé yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ó tún ti gbá a láti ojú ilé!" Bàbá máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Àfi oṣù tó kọjá, tí Tíṣà, àkọ́bí wọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sọ ọ́ lójú àwọn àna rẹ̀ pé, "Bàbá wa gbá gólì kan tí ẹnikẹ́ni ò rí, títí dórí ìyàwó wọn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó lọ jókòó sí fàràndá, oúnjẹ rẹ̀ sì tutù síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dárúkọ bọ́ọ̀lù mọ́. Ìyá rí ojú ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì fi ra ẹ̀rọ. Ó lóun máa tú ilé náà dé ìpìlẹ̀, bí gólì bá wà, òun máa rí i.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí i, háà, ẹ̀rín pa wọ́n! Tíṣà ni, ọmọ ọdún méje, ó ń kọrin níwájú gbogbo kíláàsì, eyín iwájú méjì ti ká, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń yọ́ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìlà kẹta, ó gbàgbé orin, ó fi ẹkún parí rẹ̀.

"Ẹ pa á rẹ́!" ni Tíṣà ń pariwo, ó fi tìmùtìmù bojú. "Nọ́ọ̀sì, mo ní kí o pa á rẹ́!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti wọ dísìkì tán. Àwọn àna yín ni mo máa kọ́kọ́ fi rán sí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá. Ìyá pàápàá tu píìnì sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ òwe tó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Tirẹ̀ ti lọ fún ọgbọ̀n, ó sì ti ń rò ó pé bóyá ó ti rẹ òótọ́ náà sọ́nà. Àṣé Nọ́ọ̀sì ti wà nínú yàrá, níbi páálí pátánì.

"Bàbáá! Ẹ wá wo ohun tí mo rí!"

Eruku bo orí rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ara rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ṣì hàn gedegbe: BỌ́Ọ̀LÙ. ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Bàbá fò sókè, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! "Mo ṣe bí mo sọ fún yín! Tíṣà, jókòó síbí, níwájú, níbi tí o ti máa rí i dáadáa. Mo fọwọ́ ara mi ká eyín rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan kan lé e."

Tíṣà yí kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn. "Bàbá, ta ló wá lẹ sẹlotéèpù síbí?"

Bàbá gbà á, ó wò ó, ó tún un wò. "Èmi kọ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì ti gbà á ní tirẹ̀, ó ti tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti tẹ bọ́tìnnì. Ìyá rò ó pé kí òun yọ wáyà iná. Ó rò ó pé kí òun dákú. Ibi tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí Ìyá ti dá kásẹ́ẹ̀tì dúró láyé ọjọ́un, ni àwòrán ti yọ. Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì dúró sídìí tábìlì, ó na aṣọ dúdú sílẹ̀, ó ní, "Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì yín."

"Bàbá," ni Tíṣà wí, ẹ̀rín ti ń gùn ún, "ṣé aṣọ́lé ilé ìfìwéránṣẹ́ nìyí?"

Ojú tí Bàbá ṣe lọ́jọ́ tí àwọn àna wà níbẹ̀, òun náà ló tún ṣe yẹn. Ìyá ò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ó dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Bàbá Tíṣà, èmi ni. Èmi ni mo lẹ sẹlotéèpù. Ẹ̀kọ́ kóòtù ni mo gbà lé e, mo sì gbé e pamọ́. Mi ò lọ mu omi kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo rí gólì yẹn, mo fojú mi rí i. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ má bínú."

Ọkùnrin inú tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀ kọ́là lọ.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Bàbá wí. Kò pariwo. Ó jáde lọ sí fàràndá.

"Ẹ dìde, Màmá," ni Tíṣà wí, ó dì í lápá mú. "Mo mọ̀ pé ẹ kàn fẹ́ gbè wọ́n ni. Kò yẹ kí ẹ torí gólì tí kò sí máa kúnlẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan? Ọgbọ̀n ọdún ló fi purọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Ọjọ́ tó sọ òótọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì fẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, Ìyá fọwọ́ sọ fún un pé kó fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ lọ bá bàbá wọn, òun nìkan ló jókòó ti ọ̀gá aránṣọ rẹ̀ àtijọ́. Ó wo gbogbo ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú. Kò wò ó rí láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n gé, torí ojú ń tì í, kò sì fìgbà kan wo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá aránṣọ kí wọn pé ó dìgbóṣe. Ojú tẹlifíṣàn funfun, ó ń hó ṣàà. Ìyá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

Ó sì rí koríko.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Bàbá Tíṣà! Ẹ wá! Ẹ sáré!"

Wọ́n rò pé iná ló gbé e. Wọ́n já wọlé, Bàbá ló ṣíwájú, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Lójú tẹlifíṣàn, bọ́ọ̀lù wà nísàlẹ̀ àwọ̀n, ó ṣì ń yí. Aṣọ́lé ilé ìfìwéránṣẹ́ jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ayàwòrán wá yí kámẹ́rà sí apá kejì pápá, ibi tó jìnnà, ọkùnrin kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀, lójú ilé tirẹ̀, tó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a ni. Bàbá ni! Bàbá tó pọ́n, tó ga, tó ní irun lórí! Gbogbo ẹgbẹ́ ń sáré lọ bá a láti ìkangun pápá.

"Háà," ni Tíṣà wí. Ó na ìka, ó wọn ọ̀nà tó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti bàbá rẹ̀ lójú tẹlifíṣàn, oníṣirò. Ó tún un wọ̀n. "Láti ojú ilé!"

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń sáré níwájú gbogbo wọn. Obìnrin kan ni, aṣọ yẹ́lò ló wọ̀, yẹ́lò tó ń ta lójú, oyún rẹ̀ ti yọ síwájú, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́. Ó gba iwájú kámẹ́rà kọjá, ohùn rẹ̀ sì bo pálọ̀: "Mo rí i! Mo fojú mi rí i! Ọkọ mi ni!"

Nọ́ọ̀sì ń fò sókè. "Èmi ló wà nínú ikùn yẹn! Èmi náà wà níbẹ̀! Èmi náà rí i!"

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí Màmá jọ̀ọ́, lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ti ń tẹ fóònù, tó ń sọ fún àna rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la, gólì ti dé. Nọ́ọ̀sì ní ó ku ohun kan, àwọn máa pa dísìkì náà dé, torí bí wọn ò bá pa á dé, ẹ̀rọ mìíràn ò ní í lè kà á.

"Bí o bá pa á dé," ni Bàbá bi í, "ṣé ó ní eyín?"

"Kò ní, Bàbá. Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan kan lé e mọ́."

Bàbá rin lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú sẹlotéèpù tó wà níbẹ̀, ó jù ú sínú àpò ara rẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Tíṣà, omi yẹn dà?"

Ìyá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí omi.

Nígbà tí dísìkì pa dé tán, Nọ́ọ̀sì mú rìmóòtù. "Bàbá, ṣé kí n dá a padà síbi tí bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n?"

"Fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀," ni Bàbá wí. Ó sún lórí àga, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kí Ìyá wá jókòó. "Ibi tí ìyá yín ti ń pariwo ni kí o dá a padà sí."

Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n wò ó. Ní ìgbà kẹjọ, bí obìnrin aláṣọ yẹ́lò ṣe yọ báyìí, Ìyá dìde lórí àga, ó sì bá a pariwo: "Mo rí i! Mo fojú mi rí i!"