Ẹ̀rí Bámgbóyè Lórí Mọ́tò Tó Kọlu Ògiri

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: Bámgbóyè kò jókòó nínú mọ́tò eré ìje rí. Mọ́tò tí àwọn ìdílé ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ló ń tà ní Tucker, ní Georgia, l'Amẹ́ríkà, nílé ìtajà iléeṣẹ́ Tolliver, àwọn tó ń ṣe mọ́tò, tí wọ́n sì tún ń náwó sí eré ìje ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lithonia, nínú jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi orúkọ epo, táyà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kún láti ọrùn dé ìbàdí, á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí eré bọ́ sílẹ̀ ni. Ooru Georgia kò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn rẹ̀. Pásítọ̀ tiẹ̀ wàásù lórí ìrẹ̀lẹ̀. Àmín tirẹ̀ ló dún jù.

Ká má purọ́, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá Tolliver gbà pé ẹni tó bá rí orúkọ wọn níwájú lọ́jọ́ Àìkú á wá rajà lọ́jọ́ Ajé. Bámgbóyè gba ẹ̀kọ́ yìí, ó sì gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. "A ṣe ipò kejì lọ́sẹ̀ tó kọjá," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, bí ẹni pé òun ló ti mọ́tò náà dé ibẹ̀.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ fún àwọn tó tajà jù ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí pápá eré ìje tó wà ní Hampton. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó sọ ọ́ di ajíhìnrere. Mọ́tò Tolliver kan tó ń sáré bí ẹni tí ikú ń lé yọ̀, ó forí sọ ògiri, ó yí gbirigbiri, iná sì ta. Kí Bámgbóyè tó parí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ náà ti gba ojú fèrèsé jáde, ó ń juwọ́ sí èrò.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó bọ́ síwájú láti jẹ́rìí. Ẹni tó bá ń jẹ́rìí nínú ìjọ wa, a kì í bi í ní ìbéèrè. Dókítà wà láàárín wa, ẹnjiníà wà, lọ́yà kún ìjókòó kan. Kò sí ẹni tí í nawọ́ sókè. Halelúyà là ń ké.

"Ẹ̀yin ará mi, ojú mi báyìí ni mo fi rí i," ni Bámgbóyè wí. "Ọlọ́run ló ń pa ni mọ́, ṣùgbọ́n ó ní irú mọ́tò tí í bá a ṣiṣẹ́."

A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Dẹ́kìn Oyèkànmí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ń ronú àtipààrọ̀ mọ́tò.

Ẹni tó gba ẹ̀rí yẹn gbọ́ jù ni Tèmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, Austell ló ń gbé, ọ̀nà márosẹ̀ I-20 ló sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ra Tolliver tó ń wà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iléeṣẹ́ kéde recall, pé kí àwọn tó ra irú mọ́tò Tèmi dá a padà fún àtúnṣe. Wọ́n ní airbag irú mọ́tò náà, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bẹ́ jáde láti inú sítíárìn kó gba ojú awakọ̀ mọ́ra bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, lè má bẹ́ rárá. Pàátì tuntun kò sì tíì dé. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn á yá a ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ títí pàátì á fi dé. Èyí tí wọ́n ń yáni, iléeṣẹ́ àwọn ará Japan ló ṣe é.

Tèmi pe Bámgbóyè lórí fóònù. "Bọ̀dá mi, wọ́n ní mo lè wá gbé mọ́tò Japan yẹn lónìí. Ẹ ò rò pé kí n lọ gbé e?"

"Kó o wá fi í wọ ṣọ́ọ̀ṣì lójú Dẹ́kìn?"

"Ẹ fi Dẹ́kìn sílẹ̀ ná. Ojú tèmi ni mò ń sọ."

"Kí ló fẹ́ ṣe ojú ẹ? Ṣé o gbọ́ ẹ̀rí tí mo jẹ́, àbí o sùn?"

"Mo gbọ́. Èmi ni mo pariwo jù."

"Ògiri ló kọlù, Tèmi. Ògiri. Ó jáde, ó ń juwọ́. Ìwọ tó ò ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin."

"Ẹ má bú mi."

"Mi ò bú ẹ. Ọ̀rọ̀ lọ́yà ni recall yẹn, wọ́n kàn ń dáàbò bo ara wọn ni. Máa wa mọ́tò ẹ. Tí pàátì bá dé, èmi fúnra mi ni màá bá ẹ gbé e lọ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sir. Ẹ̀yin lẹ wà nínú iṣẹ́ náà."

"Èmi ni mo wà nínú ẹ̀," ni Bámgbóyè dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn.

Àwọn mẹkáníìkì wà lẹ́yìn ilé ìtajà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè rìn débẹ̀ kó bi wọ́n. Kò lọ. Ẹni tí ìjọ ti pàtẹ́wọ́ fún, ta ni yóò tún máa lọ bi léèrè?

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Tèmi kò sáré. Gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Tírélà kan dúró lójijì níwájú rẹ̀, Tèmi tẹ búréèkì, táyà yọ̀, mọ́tò rẹ̀ forí sọ ìdí tírélà. Bẹ́líìtì di àyà rẹ̀ mú. Kò sí ohun tó di orí mú. Sítíárìn ló pàdé ojú rẹ̀.

Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọ́, wọ́n fi wáyà di eyín rẹ̀ pọ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ, dókítà kò sì ṣèlérí kankan nípa tòsì. Nọ́ọ̀sì ni, kò sí ẹni tó lè fọ̀rọ̀ dídùn tàn án jẹ. Bámgbóyè jókòó tì í ní ọsibítù.

"Bọ̀dá mi," ó ń gba àárín eyín sọ̀rọ̀. "Airbag mi ò bẹ́."

"Mo gbọ́."

"Ti ẹni tó kọlu ògiri ńkọ́? Ó bẹ́, àbí?"

"Ó bẹ́," ni ó wí. Kò rí i kó bẹ́. Kò tiẹ̀ ronú kàn án rí títí di àkókò yẹn. "Ó ní láti bẹ́."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fún un ní gidi, tí wọ́n fún mi ní..." Kò parí rẹ̀. "Ẹ bá mi bi wọ́n."

Ìbéèrè yẹn mú un lára dá. Ó ti rí ẹni tó jẹ̀bi, kì í sì í ṣe òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lórí WhatsApp ìjọ: Tolliver ń kó ojúlówó airbag sínú mọ́tò eré ìje, wọ́n ń ta ayédèrú fún aráàlú, òun á sì lọ bá wọn lójúkorojú. A ní Ọlọ́run á bá a lọ. Dẹ́kìn Oyèkànmí, tó ti san àsansílẹ̀ owó Tolliver tuntun, lọ wá rìsíìtì rẹ̀.

Nígbà tí eré ìje tún padà dé Hampton, ó lọ. Jákẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, nítorí òun ló mú kí wọ́n jẹ́ kó wọ àgọ́ iléeṣẹ́. Nathaniel, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìtọ́jú àlejò fún ẹ̀ka eré ìje Tolliver, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ọmọ ilé ti délé. Bámgbóyè kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn túká kó tó bi í: ta ló ń ṣe airbag tó wà nínú mọ́tò yín wọ̀nyí, kí ló sì ṣe tí ẹ kò fi irú rẹ̀ sínú ti àbúrò mi?

Nathaniel wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó mú un lọ síbi mọ́tò kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ kí èrò máa wò. Bámgbóyè wá ilẹ̀kùn tí yóò ṣí, kò rí. Wọn kò ṣe ilẹ̀kùn sí i. Ó fọwọ́ kan iná iwájú. Sítíkà ni.

Nathaniel rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Irin ni wọ́n fi ṣe àgò yí awakọ̀ ká. Wọ́n á de èjìká rẹ̀, wọ́n á de itan rẹ̀, wọ́n á so àṣíborí rẹ̀ mọ́ ọrùn kó má lè fì síwájú. Ògiri tó kọlù náà ní tìmùtìmù nínú. Irin abẹ́ mọ́tò pàápàá kì í ṣe ti Tolliver. Ibì kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ tó ń díje ti ń rà á.

"Airbag?" ni Nathaniel wí. "Kò sí airbag nínú mọ́tò eré ìje kankan."