Eyín Onísùúrù

Ẹni tí ẹ bá gbọ́ tó ń yin sùúrù ọkọ mi ní Tchaourou yìí, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti sùn tì í rí. Èmi Raliatou, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń sùn tì í, mo sì mọ bí sùúrù yẹn ṣe ń dún. Keke, keke, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ láìbu omi sí i. Bí mo bá jí i, á ní, "Èmi kọ́. Èmi kì í payín keke." Á yí ẹ̀gbẹ́ padà. Keke! Ta wá ni? Ṣé ẹní tí a sùn lé ló ní eyín ni?

Zakirou ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Waliath ni èmi ń pè é, nítorí àkọ́bí wa. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn, Onísùúrù ni wọ́n sọ ọ́. Màálù wọ oko iṣu rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ run, ó ní, "Kò burú." Wọ́n yá alùpùpù rẹ̀ lọ sí Bétérou, wọ́n dá a padà láìsí iná iwájú, ó ní, "Kò burú." Lèmọ́mù pàápàá fi í wàásù, ó ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Wàrà wo? Láti ọjọ́ tí mo ti délé rẹ̀, mi ò tíì rí ife kan.

Èmi tí mo ń ṣọ́ ọ, mo mọ ohun tí mo ń rí. Gbogbo ìgbà tó bá ti ní "Kò burú," kókó kan á ta lábẹ́ etí rẹ̀, á máa lọ, á máa bọ̀, bí eku tó kó sábẹ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu ló ń jẹ. Bó bá jí láàárọ̀, ẹ̀bátí á máa fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ò sì ní lè là dáadáa láti jẹ búrẹ́dì.

Níjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn eyín inú rẹ̀ là sí méjì. Kí ló ń jẹ? Eegun kọ́ o! Iṣu sísè ni, iṣu tó jinná débi pé ọmọ ọwọ́ lè gbé e mì. Ni gbogbo ayé bá di dókítà. Wọ́n ní aràn ló ń dà á láàmú. Ó lo oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ ṣí títí ó fi rù, eyín ò sì yéé dún.

Mo fi tipátipá mú un lọ bá dókítà eléyín ní Parakou. Ọmọbìnrin kan ni, Faridath lorúkọ rẹ̀, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó tan iná sí i lẹ́nu, ó mi orí.

"Tonton, eyín yín ti jẹ pẹlẹbẹ bíi ti ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀ ń di eyín pọ̀, ẹ sì ń fi wọ́n rún ara wọn."

"Èmi kọ́," ọkọ mi ní.

"Bọ̀n, ó dáa. Ta ló wá ń bá yín lo ẹnu yín?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní kì í ṣe aràn rárá. Ó ní ìrònú àti ìbínú tí èèyàn ń gbé mì wà lára ohun tó ń fà á. Ó ní àfi ìgbà tí a bá ń jẹun nìkan ni eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ ní iṣẹ́ ṣe pọ̀. Bí a ò bá jẹun, kí ètè pa dé, kí eyín yà, kí ahọ́n sinmi sókè. Ó ní kó jáwọ́ nínú obì, kó máa fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó sùn. Ó wọn ẹnu rẹ̀ láti bá a ṣe rọ́bà kan tí yóò máa fi bo eyín lóru. "Ṣùgbọ́n eyín ni rọ́bà ń dáàbò bò, kò lè yọ ohun tó wà nínú yín. Òmíràn ti ń sán. Bó bá là dé gbòǹgbò, màá yọ ọ́ ni." Ó wá yíjú sí mi: "Tata, ẹ máa bá mi ṣọ́ ọ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá ti rí i tó di eyín, ẹ kàn ní 'Eyín!' kó là á."

Ó bi ọkọ mi pé, "Kí tiẹ̀ lẹ ń gbé mì, Tonton?"

"Kò sí nǹkan kan." Kókó yẹn ta gìdì.

Nígbà tí rọ́bà dé, mo sùn títí Àsùbáà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá mi.

Ara ò tíì tù mí tán tí Rachad fi ránṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi ni; ọkọ mi ló yẹ kí n máa pe òun náà, kí Ọlọ́run má ṣe fún mi ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹbí pàdé ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, pé òun fẹ́ máa bá ẹ̀gbọ́n òun ṣọ́ oko kajú wa tó wà lọ́nà Sanson. Kó ṣọ́ kínni? Ṣé ewúrẹ́ ni yóò bá wa ṣọ́ èlùbọ́? Ó ti bá wa ṣọ́ oko Kika rí, a ò fojú kàn án mọ́. Ogójì igi ni kajú yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mo fi ru omi lórí lọ bù sí wọn nídìí, oyún ń bẹ nínú mi. Bí ọkọ mi bá ní "Kò burú" lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Rachad fi oyin sí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ti ń dé, ẹ jẹ́ kí n bá yín rù ú." Àwọn àgbà ń mi orí, Lèmọ́mù náà ń mi orí. Gbogbo wọn wojú ọkọ mi. Kókó ta lọ́tùn-ún, ó ta lósì.

"Eyín!" Èmi ni, mo gbé abọ́ omi dání.

Gbogbo wọn yíjú. Bàbá kan tí eyín rẹ̀ ò ju méjì lọ wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ìyá Waliath, kí ló ṣe yín?" Rachad ní.

"Dókítà ló ní kí n máa sọ ọ́. Bàbá Waliath, ẹ jọ̀ọ́, eyín!"

Ọkọ mi la eyín. Ètè tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ sì jáde.

"Rárá." Kò tiẹ̀ pariwo. "O ní o ń bá mi ṣọ́ oko Kika, o tà á. Èmi àti ìyàwó mi la gbin kajú yìí, o ò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lèmọ́mù, ẹ ti fi mí wàásù tó. Bó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi ẹni tó ni màálù wàásù."

Wọ́n ń wá bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Rachad ló kọ́kọ́ rí tiẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ! Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un. "Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi. Ẹnu yín ti là o!"

Ó mu omi tán. "Raliatou," ó ní. Kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ku ẹnì kan. Idrissou."

Mi ò tíì sọ ti Idrissou fún yín, àbí? Bọ̀n. Àbúrò mi ni. Ilẹ̀ kan wà létí odò tí mo kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi fún, pé kó jẹ́ kí Idrissou fi dá oko iṣu fún ọdún kan péré. Ó ní kò burú. Ọdún kẹta rèé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ yẹn ló dára jù nínú ilẹ̀ wa.

"Ọdún mẹ́ta," ọkọ mi ní, "kò gbé iṣu kan ṣoṣo wá kí mi. Ìwọ náà mọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo òru tí o ń jí mi pé mò ń payín keke, àbúrò rẹ ni mò ń rún. Kó wa iṣu rẹ̀ tán lọ́dún yìí, kó máa lọ."

Mo wo abẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Kókó kankan ò ta.

Mo ní kí n lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.