Ògiri Aláró

Èmi ni mo gbé amọ̀ náà wọlé. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Iṣẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ jíǹsì ní Maseru ni kí n máa da amọ̀ orí òkè sínú táǹkì omi aró, kí n rò ó pọ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, amọ̀ á ti fa aró náà mu, á silẹ̀ sísàlẹ̀, omi á sì mọ́ gaara kó tó ṣàn lọ sí odò Mohokare. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Khoabane, ọ̀gá wa, ti kìlọ̀ pé amọ̀ tó bá ti mu aró kò gbọdọ̀ jáde, pé inú kòtò tí wọ́n tẹ́ rọ́bà sí lẹ́yìn ọgbà ni ká máa rì í sí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n amọ̀ yẹn rẹwà jù. Ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó, mo sì fẹ́ rẹ́ ilé wọn kí ẹnu lè ya gbogbo abúlé. Pupa àti funfun ni ògiri àwọn ará abúlé yòókù. Ta ló ní búlúù? Mo jí àpò mẹ́ta kó, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, mo rẹ́ ògiri nínú lóde, mo fi ìka fa ọnà sí i lára. Aládùúgbò mi ní ṣekárími ni mí. Mo ní kó lọ rẹ́ tiẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyàwó wọlé la sọ ọ́ ní 'Marefiloe, ìyá Refiloe, bí a ṣe máa ń ṣe. Oyún ò tíì dé, orúkọ ọmọ ti wà nílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lóyún lóòótọ́.

Nígbà tí oyún náà pé oṣù keje, mo pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó la ẹnu, mo rí i pé ahọ́n rẹ̀ ti di búlúù. Mo sáré lọ wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Ó ti họ ògiri ibẹ̀, ojú ibi tó họ fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ.

Mo bi í pé ta ló ní kó máa jẹ ẹ́.

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. "Ṣebí ẹ̀yin náà ni, Ìyá. Ẹ ní ògiri lẹ̀ ń jẹ títí tẹ́ ẹ fi bí ọkọ mi."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ nígbà tá a lóyún. Mi ò sọ fún un pé ti ilé yìí yàtọ̀, torí pé tí mo bá sọ ọ́, màá jẹ́wọ́ pé mo jalè.

Mo fi ṣọ́bìrì họ ògiri náà títí tó fi ku òkúta lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bímọ. Ọmọbìnrin ni, kò ké, kò mí. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè sọ pé amọ̀ ló fà á, òun ò sì lè sọ pé kì í ṣe amọ̀. Ìyàwó ọmọ mi ò bú mi. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Orúkọ ìyá Refiloe tí a fún un ṣì wà lára rẹ̀. Ní àràárọ̀, tí mo bá ti ro papa, òkèlè àgbàdo wa, tán, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá pè é kó wá jẹun: "'Marefiloe." Á sì dá mi lóhùn.