Wọ̀ọ́wò Ń Jowú Òkú Ṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ tí ìròyìn jáde pé ilé ìtajà ńlá òdìkejì títì fẹ́ kógbá sílé, inú Wọ̀ọ́wò dùn débi pé bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì ló dì fún oníbàárà kan ṣoṣo tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oníbàárà yẹn ti rìn jìnnà kó tó mọ̀ pé ojú kan lòun ń yí po bí ọwọ́ aago.

Bàtà ni Wọ̀ọ́wò ń tà. Ẹnikẹ́ni ò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjá kí Wọ̀ọ́wò má pariwo "Wọ̀ ọ́ wò! Wọ̀ ọ́ wò ná!", ìyẹn làdúgbò ṣe gbàgbé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kéré débi pé bí èèyàn mẹ́ta bá wọlé, tí ẹnì kan bá sín, àwọn méjì yòókù á fara gbógiri. Òdìkejì títì, ní ọ̀ọ́kán ẹ̀ gan-an, ni ilé ìtajà ńlá yẹn wà, alájà mẹ́ta, gíláàsì látòkè délẹ̀, tó ní ẹ̀ka nílùú gbogbo bí ọkùnrin tó fẹ́yàwó káàkiri. Aṣọ, bàtà, ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, kò sí ohun tí wọn ò tà níbẹ̀ àfi ìyá èèyàn.

Ọdún mẹ́jọ ni Wọ̀ọ́wò fi ń jowú ẹ̀. Ó jowú iná ẹ̀. Ó jowú báàgì ọ̀rá ẹ̀ táwọn èèyàn ń gbé kiri bí ẹni tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn ún wọ eegun ni ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn ń ṣí fúnra ẹ̀! O ò ní fọwọ́ kàn án. Bó o bá ṣe ń bọ̀ báyìí, á là gbàà, bíi pé ó ti ń retí ẹ látàná.

Wọ̀ọ́wò ò lè sùn. Ó so okùn mọ́ ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó fa okùn náà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó so ìdí ẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ara ẹ̀. Bí oníbàárà bá ti yọjú, á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn á ṣí: wíìn! Ẹnu ló fi ń dún wíìn náà.

"Ẹ̀yin náà ti wá ní ilẹ̀kùn oníná," ni ìyàwó ẹ̀ wí lọ́jọ́ yẹn. Igun ṣọ́ọ̀bù kan náà ló máa ń jókòó sí, tó ń bá àwọn èèyàn pààrọ̀ sípì. "Ọjọ́ tí pajápajá bá mú yín lẹ́sẹ̀, ìta loníbàárà máa sùn."

Ìgbà tí ọ̀wọ́n gógó wá dé, tí àpò gbogbo èèyàn gbẹ táútáú, àwọn ńláńlá ló kọ́kọ́ ń wó. Àwọn tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé káàkiri orílẹ̀-èdè ti gbogbo ẹ̀ka wọn pa. Àwọn oníkọ́bọ́ọ̀dù àti àga tẹ̀ lé e. Ìgbà tó kan ti òdìkejì, Wọ̀ọ́wò gbé àpótí síta, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Igi ńlá wó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wo ibi táwọn ẹyẹ máa bà sí."

Àwọn ẹyẹ ò bà sọ́dọ̀ ẹ̀. Òkú igi gan-an ni wọ́n rọ́ lọ bá.

Wọ́n lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ gíláàsì: Ó DÀBỌ̀ O, Ẹ WÁ KÓ GBOGBO Ẹ̀ TÁN. Èèyàn ya bò wọ́n. Àwọn tí kò ra abẹ́rẹ́ níbẹ̀ láti èṣín ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn níhà. Wọ̀ọ́wò lè fara da ìyẹn. Èyí tí kò lè fara dà ni ẹkún. Wọ́n ń sunkún! Bàbá arúgbó kan ń fọwọ́ pa gíláàsì lára bí ẹni ń rẹ ọmọ, ó ní ibẹ̀ lòun ti ra kóòtù ìgbéyàwó òun. Tọkọtaya kan ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ilẹ̀kùn yẹn ló pa dé mọ́ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé òdòdó síbẹ̀. Mánéjà ibẹ̀, obìnrin gíga kan tó máa ń juwọ́ sí Wọ̀ọ́wò láràárọ̀, tí Wọ̀ọ́wò sì máa ń ṣe bí ẹni tí kòkòrò kó sí lójú, ń dì mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan bí olóòkú.

"Ìyá wọn, ṣé ò ń rí i?" ni Wọ̀ọ́wò bi ìyàwó ẹ̀.

"Mò ń rí i."

"Bí èmi bá ti ṣọ́ọ̀bù tèmi pa lónìí, ta ló máa sunkún?"

Ìyàwó ẹ̀ rò ó dáadáa, ó feyín já òwú. "Àtàǹpàkò yín."

"Mi ò bá ẹ ṣeré!"

"Ẹni tó wà láàyè tó ń jowú òkú, kí lẹ fẹ́ kí n bá a sọ? Bàbá wọn, ṣé ẹ ti dá Màmá Onílé lóhùn?"

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Àsìkò tí wọ́n fi gba ṣọ́ọ̀bù náà ń parí lópin oṣù, Màmá Onílé sì ti ní kí Wọ̀ọ́wò wá sọ bóyá ó ń dúró àbí ó ń lọ, torí àwọn tó fẹ́ gbà á ò lóǹkà. Wọ̀ọ́wò fẹ́ dúró. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ní láyé. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á máa ta bàtà. Àmọ́ ó ń ṣe yàǹgà. Ó fẹ́ kí obìnrin náà kọ́kọ́ wá bẹ òun.

"Ìgbà wo ni mo ní mò ń lọ?" ó ní. "Á wá bá mi níbí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Wọ̀ọ́wò já páálí bàtà kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà: Ó DÀBỌ̀ O, ÀWA NÁÀ Ń KÓGBÁ SÍLÉ.

Ìyàwó ẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Irú kí lèyí?"

"Ọgbọ́n ni. Kí wọ́n wá sunkún díẹ̀, kí wọ́n ra bàtà díẹ̀, tó bá yá, màá ní mo ti jíǹde."

"Ẹni tó bá fẹ́ dọ́gbọ́n kú, kó rọra o. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kì í dọ́gbọ́n gbẹ́ ẹ."

Ẹnì kankan ò wá. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin kan yọrí wọlé. Wọ̀ọ́wò fa ẹsẹ̀, wíìn!

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ṣéńjì? Òdìkejì ni mò ń lọ."

Inú bí Wọ̀ọ́wò, ó jáde lọ fi kún páálí: A Ò NÍ PADÀ WÁ MỌ́ LÁÉLÁÉ. Obìnrin kan dúró, ó kà á délẹ̀, ó mirí. "Háà, ṣọ́ọ̀bù nibí? Mo rò pé ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni."

Bí olóòkú ò bá kọ́kọ́ ké, ta ló máa bá a ké? Wọ̀ọ́wò gé àlùbọ́sà, ó fi pa ojú, ó bọ́ sẹ́bàá títì, ó fọwọ́ lérí. "Yéè! Ṣọ́ọ̀bù rere ti lọ o! Ṣọ́ọ̀bù tó mọ ẹsẹ̀ kálukú!"

Kíá làwọn èèyàn yí i ká. Inú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dùn, ni ẹnì kan bá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Gbogbo wa lọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn ń dùn."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọjú sí i lójoojúmọ́ ló máa ká lára jù," ni ẹlòmíì wí, ó na áńkáṣíìfù sí i.

"Tèmi ni mò ń sọ!" ni Wọ̀ọ́wò fẹ́ wí, àmọ́ àlùbọ́sà ti dí i lọ́fun. Wọ́n dì í lápá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sọdá títì pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n gbé e síwájú gbogbo àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Mánéjà na ọwọ́ gígùn méjèèjì, ó dì mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin! Mi ò mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ wa tó báyìí."

Wọ̀ọ́wò fa ọwọ́ kan yọ. Ó kàn nawọ́ sí páálí òdìkejì. Mánéjà yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà á. "Ẹ̀yin náà?" Ni omi bá ń dà lójú ẹ̀, omi gidi tí kò ní àlùbọ́sà nínú.

Ẹkún kan ṣoṣo tí Wọ̀ọ́wò rí kó jọ nìyẹn. Ó gbé e délé bí ẹni gbé adé, ó ń ròyìn ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ títí oorun fi gbé obìnrin náà lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni Màmá Onílé dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mánéjà tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ̀ọ́wò fa ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí.

"Wọ̀ọ́wò, o káre," ni Màmá Onílé wí. "Ẹnu ni mo ní kó o fi dá mi lóhùn, páálí lo fi dá mi lóhùn. Kò burú náà. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù fún Mánéjà. Òun àtàwọn ọmọbìnrin tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n da owó pọ̀. Aṣọ ni wọ́n fẹ́ máa tà."

Ara Wọ̀ọ́wò gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà gbọ̀n. Ilẹ̀kùn ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, ó tún pa dé, bíi pé òun gan-an ló fẹ́ sá lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lọ síbì kan! Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe!"

"O kọ ọ́ síbẹ̀ pé láéláé. Àbí láéláé tìẹ ò tó ọ̀sẹ̀ kan ni?"

Ìyàwó ẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

Wọ̀ọ́wò wolẹ̀. "Owú ni," ó ní. "Owú ló jẹ mí. Ẹ̀yin kú, wọ́n ń sunkún yín. Èmi wà láàyè, ṣéńjì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ó wù mí kí wọ́n sunkún tèmi náà ni. Mánéjà, ẹ má gba ṣọ́ọ̀bù mi."

Mánéjà nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń jowú wa? Ọdún mélòó lèmi fi ń jowú ilẹ̀kùn yín! Bí iná bá lọ, èjìká la fi ń ti tiwa. Ó ti gbá ọ̀gá wa kan nímú rí. Tiyín kì í gba iná, kì í bàjẹ́, ó tún mọ ẹni tó fẹ́ rajà yàtọ̀ sẹ́ni tó ń kọjá lọ. Àwọn ọ̀gá ní kí n wádìí irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀ ń lò. Mò ń juwọ́ sí yín láràárọ̀ kí n lè rí ọ̀nà bi yín, ẹ sì ń nu ojú."

Wọ̀ọ́wò rọra gbé ẹsẹ̀ sókè. Àtàǹpàkò ọ̀hún ti wú, ó ti dán, okùn ti fa ìlà sí i yípo bí ọrùn ìgò. Ẹ̀rín pa Mánéjà débi pé awò bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ̀rín ò ní kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ," ni Màmá Onílé wí. "Mánéjà ló ni ibí. Bó bá wù ú, kó bù fún ẹ."

"Màá bù fún un," ni Mánéjà wí, ó ń nu omi ojú. "Àmọ́ ẹ́ńjìnnì yìí ò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀."

Wọ̀ọ́wò ti gbà kí Mánéjà tó pa ẹnu dé.

Bí wọ́n ṣe fi ṣọ́ọ̀kì la ilẹ̀ sí méjì nìyẹn, bàtà lọ́tùn-ún, aṣọ lósì. Gbogbo àwọn tó sunkún ilé ìtajà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Mánéjà wá. Wọ̀ọ́wò á fa ẹsẹ̀, wíìn, oníbàárà á yà sósì. Á tún fà á, wíìn, òmíràn á yà sósì. Sípì tí ìyàwó ẹ̀ ń rán gan-an ti di ìlọ́po méjì. Wọ̀ọ́wò ń wa eyín pọ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí òun ń jowú!

Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó oníkóòtù ìgbéyàwó yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ̀ọ́wò mọ̀ pé aṣọ ló ń bọ̀ wá rà, ó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀kùn má ṣí.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó ẹ̀ wí, "ẹsẹ̀ yín."

Ó fà á. Bàbá wọlé, ó yíjú padà, ó wo ilẹ̀kùn látòkè délẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára. "Ilẹ̀kùn yìí mà dáa o. Ó tún ń kọrin. Ẹ kú iṣẹ́ o, ilẹ̀kùn."

Ó kí ilẹ̀kùn! Kò kí Wọ̀ọ́wò! Owú tuntun gbé Wọ̀ọ́wò lọ́rùn. Ó wo àtàǹpàkò ara ẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin: àṣé ìwọ ni wọ́n ń yìn, tí èmi ń bọ́ ẹ láti kékeré! Bí bàbá ṣe kọjú sí àwọn aṣọ, Wọ̀ọ́wò tú okùn, ó so ó mọ́ bàtà kan tó wà nílẹ̀, kí àtàǹpàkò má bàa rí ìyìn kankan gbà mọ́.

Ojú bàbá bọ́ sí bàtà náà. "Ẹ̀yin, ta ló ni èyí?"

Láti ọdún mẹ́jọ tó ti ń pariwo, Wọ̀ọ́wò ò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ rí bíi tọjọ́ yẹn. "Ẹ wọ̀ ọ́ wò."

Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn là gbàà. Wọ̀ọ́wò yára fi ẹnu kín in: wíìn!

"Yéè!" ni bàbá ké. "Bàtà tó ń ṣílẹ̀kùn! Èyí ni mo fẹ́. Ẹ gbé aṣọ yẹn sílẹ̀ ná."

Mánéjà dúró sósì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti fẹ́ dì lọ́wọ́, ó ń wo bàtà náà. Ojú tó fi wò ó, Wọ̀ọ́wò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú ara ẹ̀ ni, ọdún mẹ́jọ ló fi gbé e kiri. Ara tù ú wọ̀ọ̀, ó sì gbọ́wọ́ sókè, ó juwọ́ sí obìnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mánéjà."