Ẹni Tó Ń Tẹ̀lé Ọmọ Náà

Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ aránṣọ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ni. Àtìgbà tó ti bí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni oorun ti ń bá a ṣe bí àlejò, kì í jókòó pẹ́. Bí fóònù bá dún, ìròyìn ọmọ tó sọnù ni; bó bá pa á, ọkàn rẹ̀ a máa ròyìn fún un.

Lọ́jọ́ yìí, òwú búlúù tán lórí ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ rà á. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń dá rìn."

"Ẹgbẹ́ rẹ kọ́ ni mo bí."

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, tó ń rán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kó lọ jàre! Àbí tó bá ń lọ sílé ọkọ, ìwọ náà á di ẹrù tẹ̀ lé e?"

Aránṣọ gbà tìpátìkúùkù. Ó gbàdúrà lé ọmọ lórí bí ẹni tó ń lọ sójú òkun. Ọmọ ò tí ì rìn jìnnà tí ìyá fi fa ìborùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ, ó fi bo orí bo ojú, ó tẹ̀ lé e.

Bí ọmọ bá yára, òun náà a yára. Bó bá dúró, òun a sá sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ bojú wẹ̀yìn, ó tún bojú wẹ̀yìn. Lójijì ó ki eré mọ́lẹ̀, ó já sójú títì láìwọ̀tún wòsì. Táyà ọkọ̀ kan han goooro.

"Ọmọ yìí, o ò ríran ni?" Awakọ̀ ló pariwo.

Aránṣọ sáré síwájú. Kó tó sọdá, ọmọ ti wọ sọ́ọ̀bù. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n:

"Ìyá olówùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe màmá mi. Ẹnì kan bojú, ó ń tẹ̀ lé mi."

Fóònù dún lápò aránṣọ. Ó yára pa ohùn rẹ̀. Ó lè sá padà sílé, kó gbé e níbẹ̀, kó wá sáré dé bí olùgbàlà. Ọmọ náà ò ní í tọrọ àtidá rìn mọ́ láyé. Olúwa, èrò náà wù ú.

Ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ó wọlé.

"Màmá? Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Olówùú gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ wo ìyá rẹ̀ títí, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Màá ra òwú náà bọ̀."

Aránṣọ fẹ́ jiyàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ó sọdá títì padà, orúkọ Olúwa lẹ́nu rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ló dà bíi pé inú ara rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá.