Apa Tí Kò Ní Àmì Lórí

Òkúta ni bọ̀ọ̀dá mi ń gé, òkúta dídán tí wọ́n fi ń tẹ́ orí tábìlì ìdáná. Ìjì Eruku ni à ń pè é. Tó bá tan ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, oòrùn gan-an á máa wúkọ́. Adìẹ tó bá wọlé ní dúdú á jáde ní funfun, ìyá rẹ̀ á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí ikọ́ wá mú òun náà, ikọ́ tó lè ṣí ilẹ̀kùn láìlo kọ́kọ́rọ́, ó lọ ya fọ́tò àyà. Dókítà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀: "Apa ni a ri ninu foto aya yin. E tete pada wa."

Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù? Bọ̀ọ̀dá mi kà á tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Apá! Mo sọ fún ọmọbìnrin tó yà mí pé mo mira. Apá mi ló yà! Wọ́n fẹ́ kí n wá tún un yà ni."

"Ẹ kú oríire," mo ní, "apá yín ti wọnú àyà. Ẹ ó máa tinú họ ara."

A rẹ́rìn-ín títí òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún fi odindi ọdún kan jẹ eruku.

Ìgbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́ la tó padà lọ.

"Ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ tí mo rán ni?" dókítà bi í.

"Mo rí i. Ẹ ní apá."

"Àpá ni mo wí, sà! Àpá, bíi ti ojú ọgbẹ́ tó jiná!"

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní àwọn ọmọ ogun ara ló ń bá eruku jà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n ti ń jà, wọ́n ń tu àwọn èròjà purotéènì kan sílẹ̀, àwọn yẹn ló ń ké sí àwọn tó ń lẹ ọgbẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀. Eruku òkúta kì í kú, ogun ò tán, ìpè ò dákẹ́. Wọ́n wá ń lẹ ibi tí kò ya, títí ẹ̀dọ̀fóró fi le bí awọ bàtà.

"Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," bọ̀ọ̀dá mi ní. "Ẹ bá mi pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

"Oògùn lè dín ariwo wọn kù. Àmọ́ àpá tó ti wà níbẹ̀ kò ní lọ. Ká ní ẹ ti wá lọ́dún tó kọjá ni..."

Lórí bẹ́ǹṣì níta, bọ̀ọ̀dá mi wò mí.

"Aláwàdà, o ò wí nǹkan? Pa mí lẹ́rìn-ín."

Àwàdà ti kún ẹnu mi, wọ́n ń ti ara wọn. Mo gbé gbogbo wọn mì. Ẹ̀rín ń gba èémí, èémí ò sì tó nǹkan mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ sinmi ná, bọ̀ọ̀dá mi."

Ó mi orí. Àwa méjèèjì jọ ń dúró de èémí tó máa mí tẹ̀ lé e.